Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ Yín Ò Tíì Kú: Ẹ Ní Kí Wọ́n Gbé Géèjì Kí Wọ́n Tó Dájọ́

1/ Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ lónìí. "Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ yín ti kú." Gbólóhùn yìí ti gbowó lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ onímọ́tò tí olè kankan ò dá lọ́nà rí. Ẹ gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ oní-AC pé kò tutù mọ́. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wo inú ẹ̀, ó mirí, ó ní kí ẹ lọ ra kọ̀mpúrẹ́sọ̀ míì. Kò gbé géèjì. Kò fọwọ́ kan fíùsì. Ojú lásán ló fi dájọ́ ikú.

2/ Babaláwo gan-an, ó máa ń difá kó tó sọ̀rọ̀. Kí ló dé tí oní-AC fi ń dájọ́ láì yẹ nǹkan kan wò? Ohun tí mo fẹ́ sọ ò ju ẹyọ kan lọ: ẹni tí kò bá tíì dán kọ̀mpúrẹ́sọ̀ wò, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé ó ti bàjẹ́. Àwa oníbàárà tí a kì í fẹ́ sanwó àyẹ̀wò náà wà nínú ẹjọ́ yìí o. Mà á débẹ̀.

3/ Kẹ́nì kan má bi mí pé kí ló kan ọmọbìnrin tó ń ṣe fídíò nínú ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì. Fídíò ìtọ́jú ọkọ̀ ni mò ń ṣe. Mo máa ń jókòó sí ìsọ̀ àwọn oní-AC láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́, fóònù lọ́wọ́, mò ń ya iṣẹ́ wọn. Ìwé tí mo kà ní yunifásítì ò ní AC nínú. Ohun tí mo mọ̀, ẹnu àwọn ọ̀gá tó mọṣẹ́ àti ìwé àtúnṣe ọkọ̀ ni mo ti kó o jọ.

4/ Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń jà lé lórí. Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ni ọkàn AC. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bẹ́líìtì ẹ́ńjìnì ló ń yí i. Ó máa ń fa gáàsì wọlé, á fún un pọ̀ títí tó fi máa gbóná, á wá tì í lọ sínú kọ̀ńdẹ́ńsà tó wà níwájú rédíétọ̀. Ibẹ̀ ni atẹ́gùn ti ń gba ooru kúrò lára ẹ̀, gáàsì á sì di olómi.

5/ Olómi yẹn á gba inú dráyà kọjá, níbi tí wọ́n ti ń sẹ́ ìdọ̀tí àti ọ̀rinrin. Á wá gba ojú ihò tóóró kan jáde, á tutù lójijì nínú kọ́ìlì tó wà lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù. Atẹ́gùn tó bá fẹ́ kọjá lára kọ́ìlì yẹn lẹ̀ ń gbádùn. Gáàsì á padà sọ́dọ̀ kọ̀mpúrẹ́sọ̀, ìrìn tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò síbì kankan tí gáàsì ti jáde síta nínú ìrìn yẹn.

6/ Ìdí nìyẹn tí inú fi ń bí mi tí mo bá gbọ́ "gáàsì yín ló tán." Gáàsì AC kì í ṣe bẹntiróòlù. Ẹ́ńjìnì kì í jó o. Lóòótọ́, ìwọ̀nba díẹ̀ lè gba ara họ́ọ̀sì àti rọ́bà sá lọ láàárín ọdún bíi mélòó kan. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń fi gáàsì kún un lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, ibì kan ti ń jò. Agbọ̀n lẹ fi ń pọnmi, ẹ sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń ta omi fún yín.

7/ Èyí tó tún burú jù: ọ́ìlì tó ń mú kí inú kọ̀mpúrẹ́sọ̀ máa yọ̀, gáàsì ló ń gbé e káàkiri. Tí gáàsì bá ń jò, ọ́ìlì ń bá a jáde. Tí gáàsì bá kéré, ọ́ìlì ò ní padà sọ́dọ̀ kọ̀mpúrẹ́sọ̀ bó ṣe yẹ. Irin á wá máa ha irin. Ẹni tó ń ta gáàsì fún yín láì wá ibi tó ń jò, òun gan-an ló ń pa kọ̀mpúrẹ́sọ̀ yẹn díẹ̀díẹ̀. Tó bá dọdún tó ń bọ̀, òun náà ló máa wá kéde ikú ẹ̀ fún yín.

8/ Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kan ń fi Corolla ṣe takisí orí fóònù l'Ékòó. Èrò á wọlé, ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ sọ ni "ẹ jọ̀ọ́, ẹ tan AC." AC ò tutù, wọ́n á fún un ní ìràwọ̀ méjì, iṣẹ́ á sì dín kù. Ìsọ̀ kan ní kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ẹ̀ ti kú. Owó tí wọ́n pè ju ohun tó ń mú wálé lóṣù kan lọ. Mo ní kó má san kọ́bọ̀.

9/ A gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ní géèjì. Gáàsì tó kù nínú ẹ̀ kéré débi pé súwíìṣì tó ń ṣọ́ ọ ò jẹ́ kí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tan. Rọ́bà róbótó kan níbi tí páìpù méjì ti pàdé ló ti gbó. Wọ́n pààrọ̀ ẹ̀, wọ́n fa atẹ́gùn inú páìpù jáde, wọ́n wọn gáàsì sí i. Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tí wọ́n ti ń gbẹ́ sàréè fún ṣì ń ṣiṣẹ́ títí dòní. Tí ẹ̀gbọ́n mi bá ti sanwó yẹn ńkọ́? Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́.

10/ Ó yẹ kí súwíìṣì yẹn yé gbogbo wa. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi síbẹ̀ ni. Tí gáàsì bá ti lọ sílẹ̀ jù, á gé iná kọ̀mpúrẹ́sọ̀ kó má bàa yí láìsí ọ́ìlì. Nítorí náà, kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tí kò tan lè jẹ́ èyí tí wọ́n ń dáàbò bò. Àwọn kan á wá fi wáyà so súwíìṣì yẹn pọ̀ kó lè tan tipátipá. Ẹ má gbà fún wọn láé. Ìgbà yẹn gan-an ló máa kú tòótọ́.

11/ Ó dáa, báwo ni wọ́n ṣe ń dán an wò? Ọ̀rọ̀ iná lẹ máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ṣé fíùsì wà? Ṣé rìléè ń ṣiṣẹ́? Tí ẹ bá tan AC, ṣé iná 12 volt ń dé ojú wáyà kọ̀mpúrẹ́sọ̀? Tí iná ò bá débẹ̀, ẹ fi kọ̀mpúrẹ́sọ̀ sílẹ̀, ẹ wá ibi tí iná ti já. Tó bá débẹ̀ tí ẹ ò gbọ́ "ká", ẹ fi mítà wọn kọ́ìlì klọ́ọ̀ṣì ẹ̀. Ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ máa ń wà láàárín 3 sí 5 ohm. Tí mítà bá fi hàn pé ó ti já, kọ́ìlì ló bàjẹ́.

12/ Klọ́ọ̀ṣì tó jóná yàtọ̀ sí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tó kú. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, wọ́n lè tú klọ́ọ̀ṣì nìkan kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀. Ariwo náà ní ìtumọ̀ tiẹ̀. Tó bá ń pariwo nígbà tí AC wà ní pípa, tí ariwo wá dákẹ́ tàbí yí padà nígbà tí ẹ tan án, bẹ́árìn inú ìdí bẹ́líìtì ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bẹ́árìn lásán! Àwọn kan á sì fi ariwo yẹn ta odindi kọ̀mpúrẹ́sọ̀ fún yín.

13/ Kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun ò ní klọ́ọ̀ṣì tó ń so "ká" mọ́. Tiwọn máa ń yí nígbà gbogbo, fáfù kékeré kan ló ń darí iye tó ń fún pọ̀. Ẹni tó bá sọ fún onírú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ pé "mi ò gbọ́ ohùn ẹ̀, ó ti kú," ẹ rọra gba kọ́kọ́rọ́ yín lọ́wọ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ máa lọ.

14/ Ó wá kan géèjì. Ojú búlúù wà fún ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀, ojú pupa wà fún ẹ̀gbẹ́ òkè. Tí ọkọ̀ bá ti sinmi dáadáa, tí ojú ọjọ́ sì wà ní 30°C, gáàsì R134a á fi nǹkan bíi 97 psi hàn lójú méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: tí olómi díẹ̀ bá ṣì wà nínú ẹ̀, iye kan náà ló máa hàn, ì báà kù díẹ̀, ì báà kún. Géèjì nìkan ò lè sọ iye giramu fún yín. Síkéèlì ló lè sọ ọ́.

15/ Ẹ wò ó ná. Tí ẹ bá fẹ́ ra gáàsì ìdáná, ṣebí síkéèlì ni wọ́n fi ń wọn ọ́n fún yín? Tí wọ́n bá ní kí ẹ fojú díwọ̀n ẹ̀, ẹ máa jà. Kí ló wá dé tí ti ọkọ̀ fi jẹ́ "á kún báyìí"? Iye gáàsì tí ọkọ̀ yín ń gbà sábà máa ń wà lára bébà kan lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ní giramu. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré wà láàárín 400 sí 800. Ẹ ya fọ́tò ẹ̀ sórí fóònù yín lónìí.

16/ Lẹ́yìn náà, ẹ tan ẹ́ńjìnì. Ọ̀pọ̀ ìwé àtúnṣe Toyota ní kí ẹ́ńjìnì máa yí ní 1,500 lẹ́ẹ̀kan ìṣẹ́jú, kí gbogbo ilẹ̀kùn ṣí, kí fáànù àti òtútù wà lópin, kí atẹ́gùn tó ń wọlé wà ní 30 sí 35°C. Ojú búlúù á wà ní nǹkan bíi 21 sí 36 psi. Ojú pupa á wà ní nǹkan bíi 199 sí 228. Ọkọ̀ míì lè yàtọ̀ díẹ̀, ẹ wo ìwé tiẹ̀.

17/ Ẹ fi èyí pa mọ́:
Ojú méjèèjì kéré: gáàsì ò tó, ẹ wá ibi tó ń jò.
Méjèèjì ga: gáàsì ti pọ̀ jù, tàbí kọ̀ńdẹ́ńsà ò rí atẹ́gùn.
Búlúù lọ sísàlẹ̀ òdo: ibì kan ti dí.
Búlúù ga, pupa kéré, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé: kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ò fún gáàsì pọ̀ mọ́.
Ìlà tó kẹ́yìn yẹn nìkan ni kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ti ń jẹ́bi. Kódà níbẹ̀, tó bá ní fáfù ìdarí, ẹ yẹ fáfù yẹn wò ná.

18/ Ẹ̀yin tí AC yín máa ń tutù rinrin lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, tó wá di ooru gbígbóná nígbà tí ẹ bá ti wọ gósílóò Ọ̀jọ́ta, ẹ gbọ́ mi. Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ yín lè dáa pátápátá. Nígbà tí ọkọ̀ ń sáré, atẹ́gùn ń fẹ́ kọ̀ńdẹ́ńsà fúnra ẹ̀. Nígbà tẹ́ ẹ dúró, fáànù iwájú ló yẹ kó fẹ́ ẹ. Ẹ lọ wo fáànù yẹn. Ẹ wò ó bóyá eruku ti dí kọ̀ńdẹ́ńsà. Omi lè yanjú ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ gba owó rẹpẹtẹ lé lórí.

19/ Tí àyẹ̀wò bá wá fi hàn pé ó kú lóòótọ́, ó kú nìyẹn. Mi ò ní kò lè kú o. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ò parí síbi kí wọ́n kàn tú u kí wọ́n gbé òmíràn sí i. Tí ọ́ìlì tó jáde bá dúdú tàbí tó ń dán bí ẹni da lúúlúú irin sí i, ìdọ̀tí yẹn ti rìn káàkiri páìpù. Wọ́n gbọ́dọ̀ fọ páìpù, kí wọ́n pààrọ̀ dráyà, kí wọ́n sì pààrọ̀ kọ̀ńdẹ́ńsà tí kò bá ṣeé fọ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohun tó pa ti àkọ́kọ́ ló máa pa èkejì.

20/ Kí gáàsì tó wọlé, wọ́n gbọ́dọ̀ fi pọ́ǹpù fa atẹ́gùn àti ọ̀rinrin jáde, ó kéré tán ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Wọ́n á wá pa pọ́ǹpù, wọ́n á wo géèjì bóyá ó dúró sójú kan. Tó bá ń padà sókè, ó ń jò. Tí wọ́n bá fẹ́ wá ibi tó ń jò, nitrogen àti ọṣẹ híhó ni kí wọ́n lò. Kò gbọdọ̀ jẹ́ oxygen tí àwọn wẹ́dà ń lò! Oxygen àti ọ́ìlì pọ̀ lábẹ́ agbára, ìbúgbàù ni.

21/ Ẹni tó bá ní òun fẹ́ bá yín fi gáàsì ìdáná sí AC torí pé owó ẹ̀ kéré, ẹ sá. Ó lè tutù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kọ́ìlì AC wà lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, níwájú ẹsẹ̀ yín gan-an. Tó bá jò síbẹ̀, inú ọkọ̀ tí ẹ ti gbé wíńdò ẹ̀ sókè ló máa kún sí. Iná kékeré kan ti tó. Ta ló máa wá ṣàlàyé fún ìyá yín?

22/ Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń lọ ra tòkunbọ̀ ní Ládípọ̀ tàbí ní Gate n'Íbàdàn, ẹ má kàn wo bó ṣe ń dán lójú. Ẹ fọwọ́ yí ojú iwájú ẹ̀: kó yí geere, kó má ha, kó má sì fò bí ohun tí kò ní nǹkan nínú. Ẹ fi àtàǹpàkò dí ihò tó ń gbé gáàsì jáde kí ẹ yí i: ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n lára pé ó ń ti yín lọ́wọ́. Ẹ da ọ́ìlì ẹ̀ sórí bébà funfun. Ẹ fi bátìrì dán klọ́ọ̀ṣì wò. Oníṣòwò tí kò bá gbà kí ẹ dán an wò ti sọ irú ọjà tó ń tà fún yín.

23/ Ẹ̀yin oní-Prius àti oní-Camry hybrid, tiyín yàtọ̀. Iná ńlá ló ń yí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ yín, wáyà aláwọ̀ ọsàn yẹn lè pààyàn. Ọ́ìlì PAG tí wọ́n ń bu sí ọkọ̀ yòókù ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀, torí ó lè jẹ́ kí iná jò sára ọkọ̀. POE ni ti ẹ̀. Kí ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u, ẹ bi í pé ọ́ìlì wo ló fẹ́ lò. Tó bá ní "ọ́ìlì ni ọ́ìlì," ẹ má jókòó níbẹ̀.

24/ Ti pé kí wọ́n ṣí páìpù kí gáàsì máa tú "ṣììì" sójú ọ̀run náà ńkọ́? Kílò kan R134a ń mú ayé gbóná ju kílò carbon dioxide 1,300 lọ láàárín 100 ọdún. Àdéhùn Montreal ti 1987 ni ayé fi lé R12 lọ. Ní 2016, wọ́n fohùn ṣọ̀kan ní Kigali láti dín irú R134a kù. Ẹ̀rọ tó ń fa gáàsì padà sínú sìlíńdà wà. Àwa la wá ń sunkún pé ooru Èkó ti pọ̀ jù.

25/ Mo ti ń gbọ́ àwọn oní-AC tó fẹ́ dá mi lóhùn: "Ṣé o mọ iye tí fákíúùmù pọ́ǹpù jẹ́? Oníbàárà ò kì í sanwó àyẹ̀wò." Òótọ́ ni wọ́n sọ, mi ò ní jiyàn. Mo ti rí i lójú ara mi. Ọ̀gá kan lo nǹkan bíi wákàtí kan, ó wá ibi tó ń jò títí ó fi rí i. Oníbàárà ní "kí lo ṣe tí mà á fi sanwó? O ò pààrọ̀ nǹkan kan." Ọkùnrin yẹn kò rí owó oúnjẹ ọ̀sán lórí iṣẹ́ tó dáa jù tó ṣe lọ́jọ́ náà.

26/ Ẹ rí i báyìí? Àwa la kọ́ wọn. A ò sanwó fún ọgbọ́n, ohun tí a lè fọwọ́ kàn nìkan là ń sanwó fún. Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ jẹun gbọ́dọ̀ ta nǹkan fún wa: gáàsì lónìí, kọ̀mpúrẹ́sọ̀ lọ́la. Ẹni tó sọ òótọ́ lebi ń pa, ẹni tó fi ojú dájọ́ ló ń kọ́lé. Tí a bá ń bá a lọ báyìí, àwọn tó mọṣẹ́ máa fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ta ló máa wá kù fún wa?

27/ Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ kí ẹ ṣe. Ẹ béèrè iye owó àyẹ̀wò kí wọ́n tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì san án, bí wọn ò tilẹ̀ pààrọ̀ nǹkan kan. Ẹ ní kí wọ́n fi ojú géèjì méjèèjì hàn yín, kí ẹ ya fọ́tò ẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n wọn gáàsì lórí síkéèlì níṣojú yín. Ẹni tó mọṣẹ́ ò ní bínú sí ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn tí mo bá jókòó, inú wọn máa ń dùn tí wọ́n bá rí ẹni tó béèrè.

28/ Tí ẹ bá ní bùọ̀dá tàbí àǹtí tó ń wakọ̀ jẹun, ẹ fi òwú yìí ránṣẹ́ sí wọn kí wọ́n tó sanwó kọ̀mpúrẹ́sọ̀. Oní-AC tó bá ní irọ́ ni mo ń pa, ìdáhùn wà nísàlẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Kó gbé géèjì rẹ̀ wá, ká jọ wò ó.